Ọjọ́ mẹ́jọ láàárín epo, ilá àti àkàrà ní Salvador

Ìyá mi dín àkàrà tà ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Owó àkàrà ni mo fi kàwé. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ìlú kan wà lókè òkun tí wọ́n ti ń dín àkàrà nínú epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu wọn, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó kí n lè lọ fojú ara mi rí i. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ lálaalẹ́ nìyí.

Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wọ Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl. Yàrá tí mo gbà wà ní Santo Antônio Além do Carmo, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè, kò jìnnà sí Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ náà. Ìyá tó ni ilé náà yóò ti súnmọ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tó rí i pé mo kúnlẹ̀ kí òun, ó di apá mi mú, ó gbé mi dìde, ó ní kí n máa pe òun ní "mãe", ìyẹn ìyá. Èmi náà di "minha filha", ọmọ mi. Èdè Potogí tí mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ lórí fóònù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún èyí.

Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí n tó fèsì, ó ti nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òpópónà. Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀: epo pupa tó ti gbóná dáadáa, àlùbọ́sà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ lé imú mi.

Aṣọ funfun ni obìnrin náà wọ̀ látòkè délẹ̀: yẹ̀rì gbàgìẹ̀ tó fẹ̀ bí agboòrùn, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, aṣọ kan léjìká. Ẹ̀wà lílọ̀ kún inú ìkòkò gìrìwò kan níwájú rẹ̀. Ó fi ṣíbí onígi gígùn pò ó, ó tún pò ó, ó gbé ṣíbí náà sókè, ó wo bí ó ṣe ń já bọ́, ó tún pò ó. Mo dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, títí dórí bí ó ṣe ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo bóyá atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Ó fi ṣíbí méjì mọ ọ́n, ó sọ ọ́ sínú agbada. Àlùbọ́sà odidi kan ń léfòó nínú epo náà. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí epo jó.

Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Quente?" Mo mọ̀ pé gbígbóná ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé ata ló ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń mú ọmọdé lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: "quente" ni pé kí wọ́n fi ata sí i, "frio" ni pé kí wọ́n má fi sí i. Àkàrà náà yóò gbóná lọ́nà méjèèjì.

Ó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ mi. Ó fi ọ̀bẹ là á láàárín, ó ki vatapá sí i, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì, wàrà àgbọn, ẹ̀pà, kajú, edé àti epo rò títí ó fi ki. Ó fi ilá sí i, tòmátì tútù, ata, àti edé gbígbẹ tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Real 15 ni mo san, bí 4,500 náírà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn àkàrà náà pọ́n, ó le, ó ń ró lábẹ́ eyín. Inú rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Wọn kò fi ata lọ ẹ̀wà rẹ̀, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀. Ìyá mi ì bá ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà rẹ̀ bó dáadáa, kò sí ojú dúdú kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ti bó ẹ̀wà rí mọ ohun tí ìyẹn ná an.

Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà ni, tòun ti "jẹ" tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ń fi orí ru ú kiri ìlú yìí, tí wọ́n ń polówó rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ 22

Ohun àárọ̀ níbí mọ́ mi lára ju bí mo ṣe rò lọ. Obìnrin kan máa ń gbé àwọn ìkòkò tó ti wé láṣọ wá sí orígun òpópónà ní kùtùkùtù, mingau ló ń tà: ti àgbàdo, ti pákí. Ti àgbàdo jọ ògì tí wọ́n fi wàrà àti ṣúgà sí, wọ́n wá bu igi olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní canela lé e. Ó tún ní mungunzá. Mo ṣí ìdérí, ẹ̀gbo ni! Àgbàdo funfun tó ti hó títí ó fi rọ̀, inú wàrà àgbọn ló wà. Real 6 fún ife kan.

Ní ọ̀sán mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ribeira, létí omi, nítorí áísìkiriìmù. Ilé ìtajà kan wà níbẹ̀ láti 1931, èso inú igbó wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ka orúkọ àwọn èso náà lára ògiri, n kò mọ ọ̀kan. Ọmọdébìnrin tó ń tà á fi ṣíbí kékeré bù fún mi tọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, bẹ́ẹ̀ ni èrò wà lẹ́yìn mi. Ìkẹrin ni cajá. Bó ṣe kan ahọ́n mi ni mo mọ̀ ọ́n: ìyeyè! Ìyeyè tí a máa ń ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tí a ń mu títí eyín á fi kan. N kò rí ẹnikẹ́ni rí nílé wa tó fi ìyeyè ṣe ohun títà kan tó lórúkọ. Níbí, oje rẹ̀ wà nílé oúnjẹ gbogbo, wọ́n ń tà á ní dídì nínú ọ̀rá ní ọjà. Mo gba ife méjì.

Ajé, ọjọ́ 23

Ọjà São Joaquim. Ọjọ́ kan kò tó o, bí ẹ bá sì ń bọ̀ ní Salvador nítorí oúnjẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọjà tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò.

Orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà, etí òkun ni ọjà wà. Ẹ̀rọ agbénirelẹ̀ ńlá kan, Elevador Lacerda, ló ń gbé èèyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀; ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1873, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72. Láti ìsàlẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì dé ẹ̀gbẹ́ èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí erékùṣù Itaparica. Ọjà náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní Água de Meninos ni ọjà yìí wà tẹ́lẹ̀, iná jó o ní 1964, àwọn ọlọ́jà sì kó ohun tó kù wá síbí.

Ẹni tó bá ti rin Bódìjà tàbí Ọjà Ọba kò ní í ṣìnà níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró, omi nílẹ̀, alábàárù tó ń pariwo kí èèyàn yà fún ọmọlanke rẹ̀, adìyẹ nínú àgò, ewúrẹ́, ìkòkò amọ̀ lóríṣiríṣi. Òkìtì edé gbígbẹ wà lórí ìsọ̀, kékeré, ńlá, èyí tó pọ́n bí epo, èyí tó funfun díẹ̀. Àwọn tó ń ta farinha, ìyẹn gàrí tiwọn, tò ó sínú àpò lẹ́sẹẹsẹ, ènìyàn á sì bu ìkúnwọ́ díẹ̀, á sọ ọ́ sẹ́nu láti òkèèrè, á jẹ ẹ́, á mi orí, kó tó rà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ, ó ń dún kọ̀ǹrọ̀kọ̀ǹrọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò kan rárá. Ẹni tó bá ń wá gàrí Ìjẹ̀bú kò ní í rí i níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ náà nìyẹn: wọn kì í sábà tẹ̀bà, wọ́n á kàn bù ú lé ìrẹsì àti ẹ̀wà, tàbí kí wọ́n fi bọ́tà tàbí epo yan án.

Lápá ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìbọ ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Mo rí pèrègún tí wọ́n dì ní ìdì, "peregum" ni wọ́n ń pè é. Mo rí efun. Mo rí obì àti orógbó nínú abọ́ omi, "obi" àti "orobô." Obì kan ṣoṣo, real 8, ó gba ẹ̀yìn òkun wá ni. Baba tó ń tà á nawọ́ sí àwọn ọjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn fún mi: ataare ni "pimenta da Costa", ọṣẹ dúdú ni "sabão da Costa", òrí ni "limo da Costa". Aṣọ tí àwọn alákàrà ń fi sí èjìká, "pano da Costa". Mo bi í pé Costa wo ni. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ní, "Etíkun yín ni."

Mo ra edé, ẹ̀wà, ataare àti orógbó mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ real 38. Owó ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Kò ní ṣéńjì. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní. Ó ní kí n sanwó pẹ̀lú Pix, ọ̀nà tí gbogbo wọn fi ń sanwó lórí fóònù, àní ẹni tó ń ta omi àgbọn lójú títì ń gbà á. N kò lè lò ó, nítorí n kò ní àkáǹtì ní báǹkì wọn tàbí nọ́ńbà owó-orí tí ìjọba wọn ń fún èèyàn, tí wọ́n ń pè ní CPF. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà náà padà sílẹ̀ fún un. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kó o sínú ọ̀rá, ó so ó, ó nà án sí mi. "Ọjọ́ tí o bá tún padà wá, kí o san án, ayaba mi." Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn nìyẹn níbí, "ọba mi", "ayaba mi", kódà bí wọn kò bá mọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ta ni í ta àwìn fún àlejò tí kò mọ ilé rẹ̀, tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Mo ru ẹrù mi lọ, ojú mi sì kún fún omijé kí n tó dé ibùdókọ̀.

Nítorí náà, ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání, real 5, 10 àti 20. Ẹ ṣẹ́ owó ńlá ní súpámákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24

Ilé oúnjẹ oníkílò ni mo jẹun lọ́sàn-án. Wọ́n to oúnjẹ kalẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀wà, spaghetti, ẹja díndín, ilá, ewébẹ̀ tútù, wàá bu ohun tó wù ọ́ sínú àwo kan ṣoṣo, wọ́n á gbé àwo náà lé òṣùwọ̀n. Kílò kan jẹ́ real 69.90; tèmi jẹ́ real 37 àti díẹ̀. Ẹ má ṣe bu ẹran eléegun àti bàrà olómi, ẹ̀ ń sanwó eegun àti omi ni.

Ohun kan tí mo ti ń kíyè sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tún hàn níbẹ̀: wọn kì í sábà se ata mọ́ oúnjẹ. Ata wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ á fi sí i. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀, kò sú wọn.

Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, obìnrin tó ń gbowó bi mí ní ohun kan tí mo rò pé ìṣòro dé bá mi. Ó tún un bi. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ló bá mi dáhùn pé "não". Nọ́ńbà CPF yẹn náà ni wọ́n ń bèèrè láti kọ sórí rìsíìtì. "Não" ti tó fún ìdáhùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 25

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, òkúta tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà Pelourinho ń yọ̀ bí ilá. Ẹ wọ bàtà tó lẹ́yín nísàlẹ̀. Mo dìídì padà sí São Joaquim nítorí real 38.

Baba náà rí mi láti òkèèrè, ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé "Ẹ ò rí i?" bí ẹni tó ti bá wọn jiyàn. Mo kà owó náà sí i lọ́wọ́. Ó kà á, ó fi sápò, lẹ́yìn náà ó bu edé ìkúnwọ́ kan, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá mi láìsọ ohunkóhun. Ènì ni. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ènì ní Potogí, n kò sì bèèrè.

Òun ló mú mi lọ bá ẹni tó ń ta epo. Inú ìgò ni epo wà, ó ti pín sí méjì: òkè rẹ̀ mọ́ bí oyin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n ń pè é ní bambá. Ẹni tó bá ra epo tí kò gbọn ìgò kó tó bù ú, ìdajì adùn ló bù. Dendê ni wọ́n ń pe epo pupa, agbègbè Valença ní gúúsù Salvador sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń fún un. Mo ra ìgò méjì. Mo ṣí ọ̀kan, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo Ìbàdàn ni ìyẹn, kò sí ìyàtọ̀ tí imú mi lè tọ́ka sí.

Mo jẹ moqueca lọ́sàn-án, ẹja nínú ìkòkò amọ̀ tó ṣì ń hó nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú mi. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Lójú tèmi, wàrà àgbọn àti ewé coentro bo ẹja náà mọ́lẹ̀, ó sì ba epo jẹ́. Ẹ lọ jẹ ẹ́ kí ẹ fúnra yín sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ òjò dá, mo lọ jókòó ti alákàrà ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Mo sọ fún un pé ọmọ alákàrà ni mí. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí n fi hàn án. Ó gbé ṣíbí onígi náà fún mi. Mo pò ó, láti ìsàlẹ̀ sókè, láti ìsàlẹ̀ sókè, bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kó wá wò ó. Ìyá rẹ̀ dín in, ìyá ìyá rẹ̀ dín in. Ìjọba àpapọ̀ Bràsíl ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní 2005, wọ́n ní ọjọ́ tiwọn, ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, wọ́n sì ní ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n tún pápá bọ́ọ̀lù Fonte Nova kọ́ fún ìdíje àgbáyé, tó fẹ́ dà bí ẹni pé àkàrà kò ní í wọ ibẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ yẹn jà títí wọ́n fi gbà fún wọn láti tà á ní pápá náà ní 2013.

Mo rántí ìyá mi lábẹ́ agboòrùn tó ya, tí àwọn agbowó-orí ọjà ń ti agbada rẹ̀ sápá kan láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26

N kò jáde nílé lónìí. Ìyá onílé ń múra caruru ọ̀la, ìyẹn ọbẹ̀ ilá elépo, ó sì ní kí n bá òun gé ilá.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ Cosme àti Damião níbí, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì nínú ìjọ Àgùdà. Ní Bahia, ọjọ́ Ìbejì ni. Gbogbo oṣù yìí ni ilá fi kún ọjà, wọn kì í fi kílò tà á mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n ń kà á. Ọgọ́rùn-ún ilá, real 15. Ìyá onílé ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn tí ara rẹ̀ sì yá, ọdọọdún ló ń san án.

Àwa obìnrin mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká. A fọ ilá, a wá fi aṣọ gbígbẹ nu ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí omi bá wà lára rẹ̀, ọ̀bẹ á máa yọ̀. Mo gé orí, mo gé ìdí, mo wá fẹ́ máa rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ kíákíá lórí pákó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá di ọwọ́ mi mú. Ó gba ọ̀bẹ, ó la ilá náà ní òòró, kò jẹ́ kó ya tán, ó yí i, ó tún là á ní òòró lẹ́ẹ̀kejì, kó lè di mẹ́rin tó ṣì so pọ̀ nídìí. Ìgbà náà ló wá gé e ní ìbú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ sì jábọ́ bí ọkà bàbà. Gbogbo ẹgbẹ̀rún náà la gé bẹ́ẹ̀, láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a ti ń gé e la ń kà á, wọ́n sì ń kọrin. Méje ni ìyá yọ sọ́tọ̀, odidi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní kí n ní sùúrù.

Ẹnu wa kò kò lórí ohun kan. Wọ́n ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ilá náà kó má baà yọ̀. Mo ní nílé wa, ilá tí kò bá yọ̀, ta ló fẹ́ ẹ? Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní ilá tó ń yọ̀ kì í ṣeé bù fún àlejò. A kò rí ìparí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹtì, ọjọ́ 27

Ẹtì ni ọjọ́ aṣọ funfun ní Salvador nítorí Òrìṣàálá, òun náà sì ni ọjọ́ oúnjẹ elépo. Nígbà tí ọjọ́ Ìbejì wá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, kò sí òpópónà tí epo kò ti ń ta sánsán. Láti agogo márùn-ún àárọ̀ la ti wà nídìí iná: edé lílọ̀, ẹ̀pà lílọ̀, kajú, ata ilẹ̀, àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ nínú epo, kí a tó da ilá lé e. Ilá odidi méje yẹn, ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n sínú ìkòkò, ó rò wọ́n mọ́ ọn kí ojú má baà rí wọn.

Nígbà tó di ọ̀sán, oúnjẹ tó wà lórí tábìlì nìyí: caruru, vatapá, adìyẹ tí wọ́n se pẹ̀lú edé àti epo, ẹ̀wà, ìrẹsì funfun, farinha tí wọ́n fi epo yan, dòdò, àkàrà kéékèèké, abará, gúgúrú, ègé ìrèké, ègé àgbọn. Abará ni ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n fi epo sí i, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wo ẹ̀wà, mo wo ìrèké, mo wo àkàrà. Sàráà ìbejì ni ìyá mi ń ṣe nílé pẹ̀lú ohun mẹ́ta yìí, tí a ń pe àwọn ọmọ àdúgbò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Kò sí àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n ńlá kan sí àárín, ọmọ méje jókòó yí i ká, wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo sínú rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àwọn àgbà dúró yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin. Epo dé ìgbúnwọ́ èyí tó kéré jù nínú wọn.

Mo bi ìyá pé kí ló dé tó fi jẹ́ méje. Ó ní Cosme àti Damião kò dá wá sáyé, wọ́n ní àbúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n: "Cosme, Damião, Doú, Alabá, Crispim, Crispiniano, Talabi."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Doú. Alabá.

Ìdòwú ni mí. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n bí ṣáájú mi. Táyé ti kú, Kẹ́hìndé ń gbé ní Ìwó. Àlàbá ló tẹ̀ lé mi. Mo fi ọwọ́ lu àyà mi, mo ní, "Doú. Èmi. Èmi ni Doú." Kò yé e lákọ̀ọ́kọ́. Mo wá fi ìka ka àwọn ọmọ ìyá mi fún un bó ti ka tirẹ̀: ìbejì méjì, èmi, Àlàbá. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó pe gbogbo ènìyàn tó wà nínú yàrá náà, ó ní kí n tún un sọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde, ó wá fi ọwọ́ kan iwájú orí mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀ ti àwọn ọmọ náà, kí n fọwọ́ bù nínú ọpọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n ń pè wọlé: ẹni tó ń gbálẹ̀ òpópónà, awakọ̀ kan, àlejò méjì láti Jámánì tí wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n bu oúnjẹ fún gbogbo wọn. Tí ẹ bá wà ní Salvador ní ọjọ́ yìí tí wọ́n sì pè yín, ẹ wọlé, ẹ jẹun, kí ẹ sì mú súìtì dání fún àwọn ọmọdé.

Nínú àwo mi, nígbà tí mo fẹ́ jẹun tán, ṣíbí mi kan ohun kan nínú caruru. Odidi ilá kan ni, láti orí dé ìdí. Ariwo sọ. Ìgbà yẹn ni ìyá wá dáhùn ìbéèrè àná: ẹni tí ọ̀kan nínú ilá méje náà bá bọ́ sí lọ́wọ́, òun náà ni yóò ṣe caruru lọ́dún tó ń bọ̀.

Sátidé, ọjọ́ 28

Mo di ẹrù ní òwúrọ̀. Ọ̀kan nínú ìgò epo méjèèjì ti jò sára aṣọ funfun tí mo rà fún Kẹ́hìndé. Àbàwọ́n náà tó àtẹ́lẹwọ́. Ìdérí rẹ̀ kò wọlé dáadáa. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé ìgò epo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi téèpù dì í lọ́rùn. Ìyá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ fọ ọ́, ó sá a sí oòrùn, àbàwọ́n náà ṣì wà níbẹ̀. Mo mú un lọ bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Kò gbé mi dìde lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ọwọ́ lé mi lórí, ó súre ní Potogí tí n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ó bi mí bóyá ilá wà ní Ìbàdàn. Mo ní ó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó bi mí bóyá ọmọdé méje wà ládùúgbò mi.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Mo ti pe Kẹ́hìndé láti pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ mẹ́rin la ti rí, ó kù mẹ́ta.